Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi "Ẹ" Bá Mi Sọ̀rọ̀

Ìdájí ni mo bí ọmọ mi kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pè. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o. Olúwa á dá a sí fún yín." Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣé o." Ó ní kò tọ́pẹ́, ó sì gé fóònù.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gún mi. Ọdún mẹ́jọ ni Àǹtí fi jù mí lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sùn sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. "Ìwọ" ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, bó ń bínú, bó ń rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ di "ẹ̀yin".

Ohun tó fà á kò jìnnà. Inú ọkọ mi dùn débi pé kò lè mú un mọ́ra. Ó ya ojú ọmọ, ó gbé e sí status WhatsApp rẹ̀, ó kọ "Àlejò wa ti dé" sí i lábẹ́. Ẹnì kan tí òun àti Àǹtí kàn mọra lásán rí i, ló bá pè é: "Àbúrò yín bímọ, ẹ ò sì sọ fún wa!" Àǹtí, tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ní láti ṣe bí ẹni tó ti mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kò tíì ráyè pe àwọn èèyàn ni. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ló tó sọ fún mi pé kì í ṣe gbígbọ́ tí òun gbọ́ kẹ́yìn ló dun òun tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí òun pa fún ará ìta nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá òun ló dun òun.

Wákàtí 24 ni status fi ń wà kó tó parẹ́. Oṣù mẹ́rin ni tèmi àti Àǹtí gbà.

Mi ò ní da ẹ̀bi náà lé ọkọ mi lórí. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì fi múra. A di báàgì, a ṣètò ẹni tí yóò wo ọmọ àkọ́bí, a tilẹ̀ jà lórí àwọ̀ aṣọ. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. A rò pé ìròyìn ayọ̀ kì í bí èèyàn nínú, pé ibi yòówù kó gbà dé etí ẹni, ayọ̀ náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ nípa ọmọ rẹ lẹ́nu àlejò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì pa pọ̀: pé o bímọ, àti ipò tí òun wà lọ́kàn rẹ.

Nígbà tí ọmọ kẹta yóò fi dé, ìwé pélébé kan ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa. Orúkọ méje ló wà níbẹ̀. Àwọn méje yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn wa kí ẹnikẹ́ni tó rí àwòrán. Mo mú mẹ́rin, ọkọ mi mú mẹ́ta, kálukú mú ẹbí tirẹ̀, nítorí ìyá ọkọ kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyàwó nígbà tí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí ní ẹnu. Ìpè kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Láàárín ààbọ̀ wákàtí, ó ti parí. (Ọkọ mi sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tirẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ nínú pálọ̀ wa. Ẹ má dán an wò.)

Ọgbọ́n kan tí mi ò ní tẹ́lẹ̀ ni pé kí n máa fi ìròyìn rán èèyàn níṣẹ́. Bí mo bá pe Àǹtí báyìí, mi ò kàn ń sọ ọ́ kí n sì gé fóònù. Mo máa ń ní, "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu." Ó dín iye èèyàn tí mo ní láti pè kù lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni èrè rẹ̀. Ẹni tí o bá fi ìròyìn rán ti kúrò ní ẹni tó kàn gbọ́ ọ. Òun náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín.

Bí ẹnì kan kò bá gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń pè é, kí n tó wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun nìkan: "Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni, ẹ má jáyà." Ẹ má fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé níbi tí aago wọn ti fi wákàtí mẹ́jọ yàtọ̀ sí tiwa. Ó jí lóru ọjọ́ kan, ó bá ìpè mẹ́fà tí kò gbé lórí fóònù rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lábẹ́ wọn: "Pè mí." Ó ní kí òun tó rí ẹni tó gbé fóònù nínú wa, òun ti sin gbogbo wa tán lọ́kàn òun. Ìwé-ẹ̀rí kan ni à ń wá, a fẹ́ béèrè ibi tó kó o sí.

Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ní tòótọ́, mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni náà léèrè ibi tó wà, ṣé kì í ṣe pé ó ń wakọ̀, ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo sọ ọ́ ní kúkúrú. Kò ní nǹkan ṣe nínú gúrúùpù títí gbogbo ẹni tó kàn gbọ̀ngbọ̀n á fi gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó wúwo jù o. Àbúrò mi obìnrin sọ fún mi pé òun lóyún, oṣù kejì ló wà. Kò ní kí n má sọ, kò sì ní kí n sọ. Mo sọ fún màmá wa, torí mo fẹ́ kí inú wọn dùn. Màmá sọ fún ẹnì kan péré. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti wà nínú gúrúùpù ẹbí, níwájú èèyàn 41, pẹ̀lú àdúrà àti àwòrán òdòdó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, oyún náà bàjẹ́. Ó wà lórí ibùsùn, "ẹ kú oríire" ṣì ń wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, òun náà ló sì ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan pé kò sí mọ́. Kò bú mi. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án. Àmọ́ nígbà tó tún lóyún, oṣù keje ni mo tó gbọ́, nínú gúrúùpù, lọ́jọ́ kan náà tí àwọn yòókù gbọ́. Ẹjọ́ tó dá fún mi nìyẹn, ó sì tọ́ sí mi.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá sọ nǹkan nípa ara rẹ̀ fún mi, tí mo bá ti bá a yọ̀ tàbí kẹ́dùn tán, ohun tí mo máa ń béèrè ni: "Ta ló ti gbọ́? Ṣé mo lè sọ ọ́, àbí kí n dákẹ́?" Láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ wa pa tó fi jẹ́ pé ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á, ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò lè kà á. Kò tíì sí kọ́kọ́rọ́ tó lè ti àtàǹpàkò màmá mi.

Gúrúùpù yẹn náà, ìròyìn gidi kì í pẹ́ rì níbẹ̀ sábẹ́ fídíò tí ọfà méjì wà lórí rẹ̀, ìyẹn àmì pé ó ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá. Láti 2020, WhatsApp kò jẹ́ kí a lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ ju ibì kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn mi ní sùúrù, wọ́n ń rán an níkọ̀ọ̀kan. A dá òmíràn sílẹ̀ fún ìròyìn ẹbí nìkan, èèyàn mẹ́ta péré ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ó ti tó.

Ní ti àwòrán àwọn ọmọ: bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lásán, WhatsApp máa ń fún un kéré, kì í mọ́ kedere tó ti inú fóònù yín. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, ó máa ń mọ́ bí ẹ ṣe yà á, àmọ́ ó lè gbé ibi tí ẹ ti yà á dání pẹ̀lú, bí ẹ bá ti jẹ́ kí kámẹ́rà máa kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Mo ti pa ìyẹn lórí fóònù tèmi. Mo sì dẹ́kun fífi orúkọ ọmọ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sójú kan náà, torí ohun tí ẹni tó fẹ́ fi orúkọ ọmọ náà jí nǹkan ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́bí mi, tó ti pé ọdún 11 báyìí, tún fi tirẹ̀ kún un. Ó rí àwòrán ara rẹ̀ tí eyín iwájú ti yọ lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ bi mí?" Mo ti ń bi í báyìí. Nígbà mìíràn ó máa ń ní rárá.

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ìròyìn ńlá ni. Nígbà tí Àǹtí dákẹ́, mo pè é títí, mo tọrọ àforíjì, ó ní kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kan ló tó là á fún mi, ó ṣì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀: "Nǹkan ńlá nìkan lẹ fi ń rántí èèyàn." Mo ka ìpè tí mo ti pè é lọ́dún yẹn. Iṣẹ́ tuntun. Ilé tuntun. Oyún. Òótọ́ ni. Status ọkọ mi kàn fi han gbogbo èèyàn ohun tí Àǹtí ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá máa ń fi voice note ránṣẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. "Òjò ti ń ṣú níbí o, mo ti ká aṣọ wọlé." Ó tán. Ìṣẹ́jú-àáyá méje. Nígbà yẹn fóònù mi kún, mo sì ti ṣètò pé kí ọ̀rọ̀ tó bá wọlé láàárín èmi àti wọn máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Nígbà tí wọ́n kú, mo wá ohùn wọn, mi ò rí nǹkan kan. Àwọn àwòrán ayẹyẹ wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, ojú gbogbo wa ń dán. Ohun tí mò ń wá ni òjò àti aṣọ. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù, tí àbúrò mi tọ́jú. Bí ẹ bá ní òbí tó ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ lọ wo ètò yẹn lórí fóònù yín lónìí.

Ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ tiyín dáadáa. Odindi oṣù kan ni màmá mi fi ń rò pé inú ló ń bí mi. Ọmọ kan ti tẹ ohùn náà sí ìlọ́po méjì lórí fóònù wọn, gbogbo wa sì ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí Àǹtí. Kì í ṣe àforíjì, mo ti tọrọ ìyẹn tán. Mo sọ fún un pé atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta. Pé ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ fáànù ló ń rẹ́rìn-ín sí. Pé bẹ́líìtì kan tí mo fún ọkọ mi ti gùn jù fún un, ó ní òun kọ́ ló rù, bẹ́líìtì ló gùn sí i. Ìṣẹ́jú kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì fi ìbéèrè kankan sí i tó máa fi dà bíi pé mò ń fipá mú un fèsì. Máìkì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń di búlúù, mo fi mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò fèsì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo sọ fún un pé mo ti ń wá gíláàsì ojú mi láti àárọ̀, mo ti tú ilé, mo ti fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ, mi ò rí i. Mo fi ránṣẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wọ ilé ìwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ìdáhùn ti wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, mo sì gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta ní ìdúró:

"O ti wo orí rẹ?"