Inú Ìlù

Sátidé, Ìlọrin

Bàbá onílù kan ládùúgbò Ọjà-Ọba pààrọ̀ awọ ìyáàlù wọn lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, torí èèyàn ò lè ya àwòrán inú ìlù tí awọ ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣẹ́lò, ohun èlò orin olókùn ńlá àwọn òyìnbó tó jọ gòjé, kò ní wàhálà yẹn: ihò gígùn méjì wà láyà rẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé bí ẹni gba ojú fèrèsé. Charles Brooks, ọmọ New Zealand tó ti fi ṣẹ́lò kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbájú mọ́ àwòrán, ti lẹ́ǹsì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú èyí tí Lockey Hill ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1780. Gbọ̀ngàn ńlá ni wàá pè é.

Bàbá tú ọṣán, wọ́n bọ́ awọ méjèèjì, ó wá ku igi nìkan: ẹnu gbòòrò, ọrùn tóóró, ẹnu gbòòrò mìíràn lódì kejì. Mo ta aṣọ funfun bo ẹnu ẹ̀yìn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn aṣọ náà. Háà! Gbogbo ojú irin tí agbẹ́gi fi gbẹ́ ẹ nínú ló hàn, ìlà lórí ìlà, àfi bí ògiri alámọ̀ tí wọ́n fọwọ́ rẹ́. Kò sí ohun tí yóò sọ fójú pé nǹkan kékeré ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àgbà ló jọ. Mo gbé iná wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, ọrùn ṣókùnkùn, ó di ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Igi kan náà o.

Lẹ́ǹsì tó bá sún mọ́ nǹkan tó báyìí kì í rí ibi gbogbo kedere: bí ẹnu bá mọ́, ọrùn á rú. Léraléra ni mo ń yà á, tí mo ń sún ojú kámẹ́rà síwájú díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè kó àwọn ibi tó mọ́ pọ̀ sójú kan. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ mì. Ọmọ tó ń fi kọ̀ǹgọ́ lu ike létí mi kò mọ̀yẹn.

Bàbá wò mí títí. "Kí lò ń wá nínú ikùn ìlù? Ya ṣaworo, òun ló ń dán." Mo yà á torí tiwọn. Àwòrán ìpolówó lásán ni.

Awọ ewúrẹ́ ti rọ̀ nínú omi, wọ́n sì lóde ìgbéyàwó lọ́la, ni mo bá kó irinṣẹ́ mi kúrò lọ́nà. Bàtá ló kàn. Kò lọ́rùn, ojú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, iná tí a bá gbé sẹ́nu kékeré á máa gbilẹ̀ bọ̀. Ẹnìkan ní Ọ̀fà lóun ní ògbólógbòó kan, bí kò bá tíì tà á.