Aṣọ alábùlẹ̀ àwọn opó: ibi tí a bá iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní
Àwa méje la jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Opó ni gbogbo wọn àyàfi èmi, ẹbí ọkọ sì ti lé mẹ́rin nínú wọn kúrò nílé tí tọkọtaya jọ kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn la fẹ́ rán. Àgékù aṣọ àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ lẹ́yìn ọdún Ojúde Ọba la kó jọ: áńkárá, léèsì, aṣọ òkè, àpò ìrẹsì méjì kún.

Mo sọ fún wọn nípa Cleve Jones àti àwọn tó bá a ṣe é ní San Francisco, tó jẹ́ pé ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìrántí àwọn tí àrùn éèdì pa. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀, 6 ní gígùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ibojì. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní Washington lóṣù kẹwàá ọdún náà, ó jẹ́ 1,920.

Màmá tó dàgbà jù ní, “Ẹ má fi ìwọ̀n ibojì gé tèmi o. Ọkọ mi ló kú, èmi ò kú.” Gbogbo wa dákẹ́. Ó ní kí n wọn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3, gíga rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 6. Ilẹ̀kùn là ń rán láti ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta
Aṣọ òkè ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Nọ́ńbà 14 ò gbà á, àfi 18.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà
Ẹ wá wo ilẹ̀kùn màmá. Ẹtù ló fi ṣe é. Ó gé félífẹ́ẹ̀tì dúdú bí àgádágodo tí wọ́n fi ti ilé mọ́ ọn, nígbà tí kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Lábẹ́ rẹ̀, òwú pupa: ÈMI NI MO PỌN OMI TÍ WỌ́N FI MỌ ILÉ YÌÍ. “Omi” yẹn wọ́ díẹ̀. Mo ní kí n bá a tún un rán, ó kọ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àṣà ò jẹ́ kí ìyàwó jogún ọkọ. Ohun tí a fọwọ́ ara wa kọ́ là ń bèèrè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rán abala 43 ìwé òfin 1999 sétí aṣọ náà yíká: ọmọ Nàìjíríà yòówù lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé. A ó rán òfin 2015 tó lòdì sí ìwà ipá (VAPP), tó ka fífi ìyà jẹ opó sí ọ̀ràn, tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ti parí, ó ku méjì. Bí a bá so wọ́n pọ̀ tán, ẹnu ọjà Òkè-Ajé la máa fi í kọ́ sí. Màmá ti ní òun lòun máa di okùn apá ọ̀tún.