Ìtagúnmodì: Kòkó Lókè, Wúrà Nísàlẹ̀

Ẹni tí ó bá gba Iléṣà lọ sí Ìtagúnmodì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò kọ́kọ́ bá ilẹ̀ pupa pàdé, èyí tí ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí ẹ̀kọ tútù. Nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ìlú yìí sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó bá kòkó lára mu gidigidi. Mo máa ń rán àwọn ènìyàn létí èyí, torí pé bí wọ́n bá ti gbọ́ Ìtagúnmodì lónìí, wúrà nìkan ni ọkàn wọn ń lọ sí.

Wúrà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti ayé Òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á ní agbègbè Iléṣà, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ pa ibi ìwakùsà wọn tì. Etí odò àti àbàtà ni ti Ìtagúnmodì máa ń wà, níbi tí omi gbé e sí lábẹ́ amọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń wà á nísinsìnyí wá láti Òkè Ọya, ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ tí ń fa omi sì ni irinṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí mo dúró létí kòtò kan, ọkùnrin kan tí omi mù dé orúnkún ń yí awo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹrẹ̀ pupa ń ṣàn lọ, títí ó fi ku iyanrìn dúdú díẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ohun kan tí kò ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo òwúrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní òṣómàáló, nítorí bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè, mọ bí a ṣe ń gba owó ọjà àwìn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni olóko tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún awakùsà máa ń gbowó, nígbà tí igi kòkó tí ó ti ń so lè wọlé lọ́dọọdún fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í sábà dí kòtò; òjò a kún un, ẹrẹ̀ a sì wọ odò. Létí kòtò tí mo wí yìí, igi kòkó kan ṣì dúró, ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ lófuurufú, èso mẹ́ta tí ó ti pọ́n lára rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè dé ìdí rẹ̀ láti ká wọn.