Abẹ̀bẹ̀ Òkú àti Róbọ́ọ̀tì

Ọmọ mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì iléèwé wọn níbí ní Houston, àwọn tó máa ń lọ sí ìdíje FIRST, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi róbọ́ọ̀tì tí wọ́n kàn fúnra wọn díje. Iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ ni kí n fi ọkọ̀ gbé wọn, kí n ra písà, kí n sì dákẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni apá mi ò ká.

Atẹ́gùn ló ń gbé apá róbọ́ọ̀tì wọn sókè. Wọ́n de kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré kan mọ́ ọn, àbúrò èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Ó yẹ kó fún atẹ́gùn sínú táǹkì títí á fi sún mọ́ 120 psi (psi yẹn la fi ń wọn bí atẹ́gùn ṣe le tó), kó wá dákẹ́ fúnra ẹ̀. Tiwọn kì í dákẹ́. (Ó jọ èmi.) Eré ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ péré, ó ti gbóná débi pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á ké ní èdè ìyá ẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Dádì, ó jọ pé atẹ́gùn ń jò níbì kan ni. Tó bá ń jò, ẹ̀rọ ò ní ráyè sinmi."

Mo ní, "Nǹkan gbóná, ẹ fẹ́ ẹ. Kí ló le níbẹ̀?"

Mo fa abẹ̀bẹ̀ yọ nínú báàgì ìyá ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ òkú ni, àwòrán màmá àgbà kan tòun ti gèlè wà lójú ẹ̀, "Sùn Re o, Màmá" lábẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ róbọ́ọ̀tì. Ọmọ òyìnbó kan rọra bi mí bóyá ìyá mi nìyẹn. Mo ní rárá o, mi ò mọ̀ wọ́n rí, ìnáwó la lọ jẹ. Ó kàn ń wò mí.

Abẹ̀bẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Mo wá rántí kúlà oúnjẹ wa. Mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀, ó dì bí òkúta. Ti inú ọ̀rá ni, ewé ṣọ̀wọ́n bí ojú lọ́dọ̀ wa. Mo gbé méjì lé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lórí, mo yà á ní fọ́tò, mo ń wá ẹni tí màá fi ránṣẹ́ sí n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ ò mọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ. Kí n tó gbójú sókè, ọ̀rá ti yọ́, epo ń kán tó, tó, tó, mọ́ínmọ́ín ti di àkàrà lójú mi. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Wọ́n pa á, wọ́n yọ bátìrì, ọmọ mi sì ń fi àkísà tó ki bọ omi ọṣẹ nù ún. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó nu rọ́bà kan tó wọ ẹnu táǹkì, ni ọṣẹ bá ń hó níbẹ̀, fùù, fùù. Atẹ́gùn ló ń jò yẹn. Ó fa rọ́bà náà yọ, ó gbé e sókè sí iná. Ẹnu ẹ̀ rí ṣégeṣège bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́.

"Ta ló gé rọ́bà yìí?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi gé e, ẹnì kan ní kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú, ó fi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páálí písà gé e fún wọn.

Mo mú abẹ̀bẹ̀ màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara mi.