Ẹ̀ẹ̀kẹta Ni Mo Tó Rí Ilé Náà: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ó pé ọjọ́ 90 lónìí tí mo ti fẹnu kan ọtí kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ò ní bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi kúrò níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, tí bàtà mi kan wà lọ́wọ́ ọkọ mi, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìkejì wà. Ẹni tó ya fídíò yẹn kiri, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má kí mi mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan láàárín wa.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ó lè gba ẹ̀mí ẹnìkan là. Lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ yẹn, mo ti ara mi mọ́lé, mo ní ó parí, mi ò mu mọ́. Mi ò sọ fún dókítà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ooru àti òtútù jọ ń mú mi pọ̀. Lóru ọjọ́ kejì, mo rí èèrà tó ń wọ́ lọ lára ògiri, mo ń fọwọ́ gbá wọn dànù. Ọkọ mi tanná. Kò sí nǹkan kan lára ògiri. Kílẹ̀ tó mọ́, gìrì ti gbé mi ṣánlẹ̀. Dókítà tó tọ́jú mi ló là mí lóye: ara tí ọtí ti di bárakú fún, téèyàn bá ṣàdédé gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè pani. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "ṣé kò kàn lè fi í sílẹ̀ ni?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ.

Dókítà ní ìtọ́jú ara nìkan ò tó, kí n wá ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí. Ó kọ àdírẹ́sì kan fún mi. Mo débẹ̀, àgádágodo ló pàdé mi. Wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ máa pe aago kí ẹ tó lọ o! Téèyàn bá fi gbogbo ìgboyà tó ní rìn dé ẹnu ọ̀nà kan, tí ọ̀nà náà wà ní títì, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yà sí lọ́nà ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo rí òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ, mi ò ní tún un sọ níbí, torí ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ohùn ọkọ mi ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi tó máa ń dìde lóru, táá fi ọwọ́ sí mi nímú bóyá mo ṣì ń mí. Àṣé ìpàdé àwọn ará ilé ọ̀mùtí ni, Al-Anon ni wọ́n ń pè é, ó yàtọ̀ sí tiwa. Mo ti ṣì ilé wọ̀. Mo sunkún títí ara mi fi ń gbọ̀n, wọn ò sì lé mi. Obìnrin yẹn gan-an ló tẹ̀lé mi jáde, tó kọ nọ́ńbà kan lé mi lọ́wọ́.

Nọ́ńbà yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ màmá tí mo torí wọn kọ gbogbo èyí. Mo pè wọ́n, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Wọn ò bi mí lórúkọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o mu lónìí?" Mo ní rárá, mà. "Ó dáa. Aago méje ni ìpàdé. N ó dúró síta dè ọ́."

Ìṣẹ́jú 40 ni mo fi pẹ́, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí padà lójú ọ̀nà. Òjò ti ń rọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, màmá ṣì wà níta lábẹ́ agbòjò. Wọ́n mú mi wọlé, wọ́n bu tíì fún mi, kò ju ìdajì ife lọ. Ó dùn mí, mo rò pé wọ́n ń fojú kéré mi ni. Ìgbà tí mo gbé ife náà ni mo tó rí bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n. Ká ní ó kún ni, ara mi ni ì bá dà sí lójú gbogbo wọn. Ọdún 19 ni màmá ti fi ọtí sílẹ̀, wọn ò gbàgbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Màmá mi, ẹ ṣé o. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Àwọn náà ló fún mi ní èsì tí mo fẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ní afọ́jú kì í fọ̀nà han afọ́jú, pé kí ni ọ̀mùtí fẹ́ fi ran ọ̀mùtí lọ́wọ́. Bí AA (Alcoholics Anonymous), ẹgbẹ́ àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí tí ìpàdé wa wà lábẹ́ rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, òwò Bill Wilson, ọ̀mùtí kan tó ti ń jáwọ́, forí ṣánpọ́n, ọtí sì ń pè é nínú hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí. Ìdí tẹlifóònù ló lọ, ó ń wá ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un mọ dókítà kan, Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ náà ni dókítà yẹn mu ìgbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní àdúrà nìkan ti tó: mo gbà á, Ọlọ́run sì dáhùn. Òun ló fi màmá dúró nínú òjò.

Ní ìpàdé AA, wọn ò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kéèyàn ṣáà fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ni wọ́n ń bèèrè. Bí èyí tó o kọ́kọ́ lọ ò bá bá ọ lára mu, lọ sí òmíràn, má padà sílé lọ jókòó.

Ọkọ mi, mo rí ọ. Àná, o sùn mọ́jú.

Ìwọ tó kọ̀wé sí mi lóru àná, tó o sì yára pa á rẹ́, mo ti kà á. Mi ò ní dá orúkọ rẹ. Tún un kọ. Sọ ibi tó o wà fún mi, a ó jọ wá ìpàdé tó sún mọ́ ọ. Bó bá jẹ́ tiwa ló sún mọ́ ọ, aago méje ni. N ó wà níta.