Ẹ Yí I Dojú Bolẹ̀ Kí Ẹ Tó Dárúkọ Rẹ̀: Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré Tí Òbí Fi Sílẹ̀

Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹnìkan á ṣí páálí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lókè àjà ní Ìlú Ọba, á rí 4472 lára orí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan, á tẹ̀ ẹ́ sórí Google, Flying Scotsman, ọkọ̀ ojú irin olókìkí ti Ìlú Ọba, á jáde. Àmọ́ nọ́ńbà ọkọ̀ gidi tó ń sáré lórí irin nìyẹn. Tri-ang Hornby, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, gbé ẹ̀dà tirẹ̀ jáde ní 1968, R855 sì ni nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún un. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ni Hornby ti ṣe, 4472 ló sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fi 4472 nìkan béèrè iye tó tó, kò tíì béèrè nǹkan kan.

Rúlà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ má tíì mú aṣọ ìnulẹ̀. Ẹ wọn àlàfo àárín irin méjèèjì, láti etí inú ọ̀kan dé etí inú ìkejì. Tó bá jẹ́ 9 mm, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní N ni. 12 mm jẹ́ TT, 16.5 mm jẹ́ OO tàbí HO, 32 mm sì jẹ́ O. Tí kò bá sí irin nínú páálí, ẹ wọn láti ẹ̀yìn wíìlì kan dé ẹ̀yìn ìkejì rẹ̀. Yóò dín díẹ̀ sí iye tí mo kọ yìí.

OO àti HO ń lo irin kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀. OO ni ti Ìlú Ọba, ó kéré sí ọkọ̀ gidi ní ìlọ́po 76. HO ni ti Jámánì, Faransé àti Amẹ́ríkà, ìlọ́po 87. Kọ́ọ̀ṣì Mark 1 ti British Railways gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 64 àti íńṣì 6. Ní OO, ó yẹ kó gùn tó 258 mm, ní HO bíi 226 mm. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa gé kọ́ọ̀ṣì kúrú kó lè yí ní kọ́nà tó há, nítorí náà ẹ wo gíga àti ìbú rẹ̀ pẹ̀lú.

Wàyí o, ẹ yí i dojú bolẹ̀ sórí tówẹ́lì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ikùn ọkọ̀ kì í purọ́ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Hornby Dublo tí ilé iṣẹ́ Meccano ń ṣe ní Liverpool láti 1938 ń sáré lórí irin mẹ́ta. 1959 ni wọ́n tó mú ti irin méjì wá. Ti irin mẹ́ta ní irin pẹlẹbẹ kékeré lábẹ́ ikùn tó ń kan irin àárín. Ti Märklin, ilé iṣẹ́ Jámánì, ní tiẹ̀ gùn bí síbí tẹ́ẹ́rẹ́, iná AC (irú ti ògiri) ló sì ń lò, nígbà tí Dublo ń lo DC (irú ti bátìrì) 12 volt. Tí ẹ bá ní mítà tó ń dún bí iná bá lè kọjá, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan wíìlì ọ̀tún àti ti òsì tó wà lórí ọ̀pá kan náà. Bó bá dún, ó lè jẹ́ ti irin mẹ́ta, ẹ má gbé e sórí irin méjì torí iná lè bríìjì. Bí kò bá dún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti irin méjì.

Ìgbà náà ni kí ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Tri-ang nìkan: ṣáájú 1965. Tri-ang Hornby: 1965 sí 1971. Hornby Railways: láti 1972. Èyí tó bá kọ Made in China kì í ṣe ohun àtijọ́, ohun yòówù tí àwọ̀ rẹ̀ lè sọ. Ẹ fura sí ọkọ̀ tó jọ Dublo tí kò jẹ́ Dublo, torí mọ́ọ̀dù (ohun tí wọ́n fi ń rọ ara ọkọ̀) Dublo kan bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Wrenn, nọ́ńbà tiwọn a sì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W. Bákan náà ni mọ́ọ̀dù ti ilé iṣẹ́ Airfix kọjá lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Páálí náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dájú. Àwọn òbí máa ń gbé ọkọ̀ kan sínú páálí òmíràn, a sì ti rí R50 lára páálí tí nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà páálí àti ikùn ọkọ̀ bá bára mu, ẹ gbà á gbọ́.

Kí ẹ tó fún un ní iná, ẹ wá àìsàn irin rẹ̀. Síńkì tí òjé díẹ̀ bá kó wọ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á a máa wú, a máa là tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà á máa fọ́ bí bísíkíìtì. Ó wọ́pọ̀ lára Dublo àti Hornby O tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun, ó sì ti mú àwọn kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lẹ́yìn 2000. Ẹ fi rúlà lé abẹ́ rẹ̀: tó bá ti tẹ̀, tàbí tí ara ọkọ̀ bá ti ń gbé sókè, ẹ tú ara ike kúrò kó má baà fà á ya. Gílúù kò ràn án.

Ẹ́ńjìnnì X.04 tí Tri-ang lò fún ọ̀pọ̀ ọdún dára, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Kábọ́ọ̀nù méjì tó ń gbé iná wọ inú ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀, wáyà tó ní apá méjì ló tì wọ́n mọ́lẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà lára apá kan. Bí rọ́bà yẹn bá já, iná á bríìjì. Ẹ má tú mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ẹ bá fa ohun tó ń yí nínú rẹ̀ jáde láìfi irin pẹlẹbẹ dí àlàfo, agbára mágínẹ́ẹ̀tì á dínkù, ọkọ̀ á máa gbóná, kò sì ní lè fa nǹkan. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Mainline àti ti Bachmann ìbẹ̀rẹ̀ ní tiwọn ní ike kékeré tó so wíìlì méjèèjì pọ̀. Ike náà a máa là, wíìlì á wá máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọkọ̀ á máa tiro.

Ẹ má ṣe ki kọ́ńtíróólù àtijọ́ inú páálí bọ iná ògiri. Rọ́bà wáyà rẹ̀ lè ti gbó. Bátìrì 9 volt ti tó fún ìdánwò ọkọ̀ DC. Fún ti irin méjì, wáyà kan sí wíìlì ọ̀tún, ìkejì sí ti òsì. Fún Dublo irin mẹ́ta, ọ̀kan sí irin ikùn, ìkejì sí wíìlì èyíkéyìí. Bí òórùn jíjóná bá dé, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹ̀kán epo mẹ́ṣíìnì kan péré sí ẹnu ọ̀pá ẹ́ńjìnnì. Epo tó pọ̀ jù ló ń ba kábọ́ọ̀nù jẹ́.

Bí ẹ bá parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò ikùn rẹ̀, ẹ so ìwé pélébé mọ́ ọn pẹ̀lú òwú: ìwọ̀n irin, orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà ilé iṣẹ́, ohun tó bàjẹ́. Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ páálí tó ya. Ẹ má da ìwé ìlànà nù, kódà èyí tó ti ya sí méjì.