Òrùlé Ló Ń Pa Afárá Onígi Mọ́

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí afárá onígi olórùlé, irú èyí tí ó pọ̀ ní Vermont, New Hampshire àti Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lè rò pé nítorí àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe bò ó, kí òjò àti yìnyín má baà pa wọ́n. Afárá fúnra rẹ̀ ni òrùlé náà wà fún. Igi tí òjò ń pa lónìí tí oòrùn ń sá lọ́la kì í pẹ́ jẹrà, pàápàá níbi tí igi kan ti wọnú èkejì, nítorí pé omi máa ń dúró síbẹ̀ tí kì í sì í tètè gbẹ. Nígbà tí Timothy Palmer parí afárá ńlá kan sórí odò Schuylkill ní Philadelphia ní ọdún 1805, adájọ́ kan tí ń jẹ́ Richard Peters ni ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi pákó bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì fi òrùlé dé e lórí. Palmer gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìṣirò tirẹ̀ ni pé afárá tí a kò bò kò lè lò ju nǹkan bí ọdún 10 sí 12 lọ, ṣùgbọ́n bí a bá bò ó, ó lè lo 30 sí 40. Ìṣirò náà kéré sí òtítọ́ gan-an, nítorí àwọn afárá olórùlé kan wà lónìí tí wọ́n ti lé ní 150 ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán ilé kan tí ń jẹ́ Ithiel Town gba ìwé àṣẹ ní 1820 fún ọ̀nà ìkọ́lé kan tí ó mú kí irú afárá yìí tàn kálẹ̀. Pákó lásán ni ó ń lò, tí wọ́n ń gbé dábùú ara wọn bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi èèkàn igi kan ara wọn pọ̀ ní gbogbo oríkèé. Káfíńtà abúlé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè kọ́ ọ láìsí igi ràbàtà àti láìsí irin púpọ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjì Irene gbé omi dé, omi sì gbé méjì lára àwọn afárá wọ̀nyí lọ, èyí tí ó dùn mí títí di òní. Àkọ́kọ́ ni afárá Old Blenheim ní ìpínlẹ̀ New York, tí Nicholas Powers láti Vermont kọ́ sórí odò Schoharie ní 1855. Ọ̀nà méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì dá omi kọjá láìsí òpó kankan láàrin, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tí ó fò kọjá lé ní 200 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ àwọn igi tí wọ́n fi gbé e ró nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, Powers gun orí òrùlé lọ jókòó, ó ní bí afárá bá wó, òun náà yóò bá a lọ. N kò lè jẹ́rìí sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó bá irú ìgboyà tí iṣẹ́ náà gbà mu. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ afárá onírin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1932 ni ọkọ̀ kò ti gba orí rẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìrántí. Omi gbé e lọ ní wákàtí díẹ̀.

Èkejì ni afárá Bartonsville ní Vermont, tí wọ́n kọ́ ní 1870 lórí odò Williams, tí ọkọ̀ ṣì ń gbà títí di ọjọ́ tí ó wó. Ẹnìkan ya fídíò bí ó ṣe ń ṣubú sínú odò, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sì wò ó.

Wọ́n tún àwọn méjèèjì kọ́. Ti Bartonsville ṣí ní 2013, wọ́n sì lo ọ̀nà Town kan náà, pákó àti èèkàn. Ti Blenheim pẹ́ títí di 2018 nítorí àríyànjiyàn lórí owó, wọ́n sì gbé e ga ju ti àtijọ́ lọ kí omi má baà tètè kàn án. Àwọn kan ní ẹ̀dà lásán ni. Òótọ́ ni pé kì í ṣe igi Powers mọ́, ìjọba sì ti gba àmì ọlá orílẹ̀-èdè tí wọ́n fún un ní 1964 padà, èyí tí mo gbà pé ó tọ́. Síbẹ̀, àwọn káfíńtà tí wọ́n tún un kọ́ ní láti mọ bí Powers ṣe gbé igi lé igi, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ ìyẹn mọ́, afárá tí ó kù pàápàá kò ní í rí alátùn-ún-ṣe.

Ohun tí n kò fara mọ́ rárá ni kí wọ́n fi irin gbọọrọ sábẹ́ afárá, kí irin máa gbé ẹrù, kí igi àtijọ́ wá di ọ̀ṣọ́ lásán. Àpẹẹrẹ tí ó sàn ni ti Cornish–Windsor, afárá 1866 tí ó so New Hampshire pọ̀ mọ́ Vermont lórí odò Connecticut. Nígbà tí ó rẹ̀ ní ọdún 1980 síwájú, igi ni wọ́n fi ràn án lọ́wọ́, àwọn pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ di igi ńlá, ọkọ̀ sì tún ń kọjá lórí rẹ̀ láti 1989. Kì í ṣe pé gbogbo igi inú rẹ̀ jẹ́ ti 1866, ṣùgbọ́n igi ni ó ń gbé ẹrù.

Yàtọ̀ sí omi, iná ni mo bẹ̀rù jù. Ní 2005 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun afárá Bridgeton ní Indiana, tí ó ti wà láti 1868, àwọn ará ìlú sì tún un kọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìṣọ́ra tí ó ń dènà irú èyí kò wọ́n: iná mànàmáná tí ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́, ẹni tí ń bojú wò ó, àti èròjà tí ń dín iná kù lórí pákó. Ní ti ìjẹrà, èyí tí ó rọrùn jù ni gbígbá ìdọ̀tí tí táyà ọkọ̀ ń kó wọlé kúrò lórí àwọn igi ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àti pípààrọ̀ pákó òrùlé tí ó bá ti ń jò kí ó tó di pé omi dé oríkèé.